Ọ̀nà Tí Mo Júwe Fún Ìyá Àjàṣẹ́

Tí ẹ bá wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ ò mọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Ẹ bi ẹlòmíràn. Ẹnu mi yìí kò yẹ kó júwe ọ̀nà fún ewúrẹ́ mọ́.

Muqtadir lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ tipẹ́. Ojoojúmọ́ ni tíṣà ń lé mi síta nítorí ẹ̀fẹ̀, ni mo bá rò ó lọ́jọ́ kan pé kí n kúkú dúró síta náà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń gbé, nílé wa tí kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngánrán. Ìyá Alátẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí àtẹ obì àti orógbó tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé, Màmá là ń pè wọ́n. N ò gbọ́ orúkọ mìíràn rí. Ta ló máa la ẹnu fi orúkọ pe àgbàlagbà?

Eré kan wà tí èmi àti Haleem ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe. Àlejò á dé, á máa wò rá-rà-rá bí adìẹ tó wọ ilé onílé, á bi wá lọ́nà. Èmi á dọ̀bálẹ̀, máa júwe fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí kò lọ ni máa júwe. Haleem á fi fóònù ya á ní kọ̀rọ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, fídíò ti wà lórí ìkànnì, àwọn èèyàn ti ń fi ẹ̀rín pa ara wọn. "Gúgù Máàpù Ìsàlẹ̀ Èkó" ni wọ́n ń pè mí.

A ti rán lọ́yà kan tó ń wá ilé ẹjọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń bó adìẹ. A ti rán ọkùnrin kan tó ń wá ilé àna rẹ̀ lọ sí ṣáláńgá gbogboogbò. Ó ti kanlẹ̀kùn, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó wúkọ́. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, n ò lè gbàgbé ẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni eré náà ní. Béèrè ibi tó ń lọ, má béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Tóo bá ti mọ ibi tí èèyàn ti ń bọ̀, àánú ẹ̀ lè ṣe ẹ́. Fídíò bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Ọsibítù ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Wọn ò béèrè oúnjẹ, wọn ò béèrè oògùn. Ìbéèrè kan náà ni lójoojúmọ́:

"Ṣé ó ti dé?"

Àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n ń retí. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ni kì í ṣe ọ̀kan, ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ dàgbà. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí ẹbí ń pín yàrá agboolé, Màmá dìde láàárín àwọn àgbà, wọ́n ní àbúrò àwọn yìí kì í ṣe ọmọ bàbá àwọn. Irọ́ ni. Yàrá kan péré ni wọ́n fẹ́ gbà. Àwọn àgbà gba irọ́ náà gbọ́. Àbúrò di ẹrù rẹ̀, ó kọjá ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́, kò sì wẹ̀yìn mọ́.

"Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ Ọlọ́hun, Ọlọ́hun lè fojú fò ó," Màmá máa ń sọ fún Àǹtí Jemilat, àbúrò bàbá mi. "Èyí tí mo ṣẹ èèyàn, ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá. Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí kí n tó lọ."

Àǹtí Jemilat wá nọ́ńbà fóònù wọn kiri títí ó fi rí i. Ìyá Àjàṣẹ́ là ń pe àbúrò Màmá yìí. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún un kó dè mí. Mò ń bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí Jemilat fà mí létí. "Muqtadir, Ìyá Àjàṣẹ́ ń wọ̀lú lónìí. Má jìnnà sẹ́nu ọ̀nà. Tóo bá ti rí wọn, mú wọn wọlé kíá."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ wọ́n?"

"Àgbàlagbà ni. Wọ́n ní wọ́n ń ṣòwò dáadáa lọ́hùn-ún."

Lójú tèmi, oníṣòwò Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ Àlàájà gbọ̀ngbọ̀nràn, góòlù lọ́rùn, góòlù léyín, mọ́tò tó ń dán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó dè ní ìkóríta, èmi àti Haleem, lábẹ́ ibòji Bàbá Jóṣúà, Ìjẹ̀ṣà kan tó ti ń rán bàtà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Àlàájà kankan ò dé. Ìyá arúgbó kan ló yọ láti apá Ìdúmọ̀tà. Ó rí tín-ín-rín, sìlípáàsì rọ́bà ló wọ̀, báàgì onílà pupa àti búlúù wà lórí ẹ̀. Òógùn ti wẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ilé Hàwáwù ni mò ń wá. Igi àgbọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn."

Haleem wò mí. Mo wo Haleem. Igi àgbọn? Ní Ìsàlẹ̀ Èkó wa yìí, tí kòríko gan-an kò ríbi hù? Ọwọ́ Haleem ti wọ àpò lọ mú fóònù.

Bàbá Jóṣúà gbójú sókè kúrò lára bàtà. "Hàwáwù... igi àgbọn..." Wọ́n ń ronú. "Ẹ dúró ná, ìyá."

Mo rí i pé wọ́n fẹ́ ba eré jẹ́. Mo fò dìde.

"Hàwáwù kẹ̀! Mo mọ ilé wọn bí ẹní mowó, ma!" Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Èmi á mú wọn dé ibẹ̀."

Bàbá Jóṣúà wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n padà sídìí abẹ́rẹ́ wọn. Ẹ̀rín yẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò ráyè rò ó.

Ojú ìyá náà ti tàn. "Igi àgbọn náà ṣì wà?"

"Ó ti so pàápàá, ma! Ẹ ó mu omi àgbọn títí ikùn á fi kún!"

Mo gbọ́ tí Haleem ń fọwọ́ bo ẹ̀rín lẹ́nu.

Mo ra omi inú ọ̀rá kan fún un. Ẹ má rò pé àánú ni. Ó máa ń dùn nínú fídíò ni, tí ẹran bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á lọ. Mo gba báàgì náà gbé dé òpin àdúgbò. Nǹkan roboto méjì kan wà nínú ẹ̀ tó wúwo bí òkúta.

"Ẹ máa lọ tààrà, ma. Ẹ kọjá Tinúbú, ẹ béèrè ilé ẹjọ́ Igbosere. Ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ gan-an ni igi àgbọn náà wà."

"Ilé ẹjọ́ kẹ̀? Mo rò pé ìtòsí Ìgá níbí ni."

"Ìlú ti yí padà, ma. Wọ́n ti sún gbogbo nǹkan."

Ó wò mí, ó gbà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Wọ́n ní ará Èkó ò láàánú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọlọ́hun á fi ẹni rere pàdé ìwọ náà lọ́nà."

"Àmín, ma," ni mo wí. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo yọ ahọ́n sí fóònù Haleem.

Fídíò náà ta. "Ìyá ń lọ momi àgbọn," Haleem kọ sábẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Gúgù Máàpù, iná ọ̀run ń dúró dè ẹ́ o!" ó sì to ojú tó ń rẹ́rìn-ín rẹpẹtẹ tẹ̀ lé e. Mo fi rẹ́rìn-ín títí ebi fi pa mí, ni mo bá wọlé lọ wá oúnjẹ.

Mo bá ilé tó dákẹ́. Màmá ò lè gbórí mọ́. Ohùn wọn ti wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó gbọ́.

"Ṣé ó ti dé?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà, Màmá, ẹ fara dà á," ni Àǹtí Jemilat dá wọn lóhùn. Wọ́n jáde bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ti pọ́n. "O ò rí ẹnì kankan?"

"Rárá."

"Ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ó ti pẹ́. Mo ní kí n rán ẹ lọ pàdé wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ilé bàbá àwọn làwọn ń lọ, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ mú àwọn lọ́wọ́ bí àlejò. Àwọn á béèrè ilé Hàwáwù. Látìgbà náà fóònù wọn ò lọ mọ́."

Mo di apá wọn mú.

"Àǹtí, ta ni Hàwáwù?"

"Ta ni kẹ̀?" Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ orúkọ Màmá ẹ?"

Mo yíjú sí títì.

"Igi àgbọn ńkọ́?"

"Igi àgbọn wo? Háà. Wọ́n ní ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà kan. Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì yìí, èmi gan-an ò bá a. Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ti wà ní títì.

Mo sáré, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fi èjìká gbá ẹlẹ́rù, mo fò kọjá ọjà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣépè tẹ̀ lé mi. Ní Tinúbú, mo bi ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì bóyá ó rí ìyá arúgbó kan.

"Èyí tó gbé báàgì? Orí àpótí mi yìí ló jókòó sí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fún un ní agbòòrùn mi kó máa mú un lọ."

"Ẹ mọ̀ ọ́n rí ni?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí òòrùn tó pa á?"

Mo sáré dé Igbosere. Mẹ́gáàdì kan wà lẹ́nu géètì, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó bi í.

"Ìyá yẹn?" Ó mirí. "Ó yí ilé ẹjọ́ ká títí, ó ń wòkè, ó ń wá igi. Gbogbo wa rò pé orí ẹ̀ ò pé. Ìgbà tó jókòó sílẹ̀ tó bú sẹ́kún la tó mọ̀ pé orí ẹ̀ pé. Mo bu omi fún un ó ṣàlùwàlá, mo fún un ní ẹní mi ó kírun. Ìyálójà tó ń ta mọ́ínmọ́ín lọ́hùn-ún gbé oúnjẹ wá, ó lóun ò ní gba kọ́bọ̀."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Yéwándé ló mú un lọ, akọ̀wé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan níbí. Ọ̀gá ẹ̀ ń pariwo pé iṣẹ́ wà nílẹ̀, ó ní kó máa pariwo lọ, pé ìyá èèyàn kì í sọnù kí ọmọ èèyàn máa tẹ̀wé. Wọ́n ti forí lé Ìsàlẹ̀ Èkó padà. Yéwándé lóun á máa bi arúgbó nìkan lọ́nà, òun ò ní bi ọmọdé kankan mọ́." Ó tutọ́ sílẹ̀. "A bi ìyá náà pé ta lọmọ burúkú tó rán an wá síbí. Ó ní ọmọ burúkú kọ́. Ó ní ọmọ rere ni, ó kàn ṣì í júwe ni."

Mo di géètì mú. Fóònù mi dún. Àǹtí Jemilat ni.

"Muqtadir, máa bọ̀ nílé." Ohùn wọn já. "Màmá ti lọ."

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti wẹ Màmá, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n. Ọ̀nà gbogbo tí mo gbà bọ̀ ni mo fi wá agbòòrùn kan àti ìyá arúgbó kan lábẹ́ ẹ̀. N ò rí wọn. Àwọn ọkùnrin ẹbí ti pé lẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ sáàárín wọn.

"Ṣé gbogbo ẹbí ti pé?" Lémọ́mù bi Bàbá Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

"Ó ku àbúrò wọn tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Fóònù ẹ̀ ò lọ."

"Ó ti yí ọkàn padà ni," ẹnì kan sọ lẹ́yìn. "Ta ló fẹ́ dárí irú ẹ̀ jini?"

Lémọ́mù mirí. "Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ pé ìyá náà wà nítòsí, a lè dúró díẹ̀. Kó wá wo ojú ẹ̀, kó yọ̀ǹda ẹ̀, ká tó kírun sí i lára. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀?"

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ojú wọn bà lé mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo ṣe láàárọ̀, n ò mọ̀ pé ẹni wa ni. Mo lè fi ìyẹn tan ara mi jẹ. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni n ò lè tan ara mi jẹ lórí ẹ̀. Gbólóhùn kan ni wọ́n ń retí. "Ó wà nítòsí." Ó parí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n á ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo rí fídíò náà lójú mi. Mo rí ọwọ́ Bàbá Mọ̀núrù. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá kò ní rí ilé mọ́, bóyá á bínú padà sí Àjàṣẹ́, tí ẹnì kankan ò fi ní mọ̀ láéláé. Ahọ́n tó ń júwe ọ̀nà fún gbogbo ayé kò rọ́nà jáde lẹ́nu ara ẹ̀.

Mo tẹrí ba.

"Ó dáa," ni Lémọ́mù wí. Wọ́n kọjú sí wa. "Bí ìyá yìí bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda wọn."

"A ti yọ̀ǹda," gbogbo wa pa ohùn pọ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Mo wà lára àwọn tó gbé wọn. Wọn ò wúwo rárá. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí.

Nígbà tí a padà dé láti itẹ́ òkú, agbòòrùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Mo fẹ́ sá. Bàbá Mọ̀núrù ti ń tì mí wọlé lẹ́yìn. Ìyá Àjàṣẹ́ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní Màmá tó ti ṣófo. Omi tí wọ́n fi wẹ òkú ò tíì gbẹ nílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró tì wọ́n, bàtà iṣẹ́ ẹ̀ tó ti já wà lọ́wọ́ ẹ̀. Yéwándé nìyẹn. Ilé Hàwáwù mélòó kan ni wọ́n ti yà sí, torí Hàwáwù kì í ṣe ẹyọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo ilé tí wọ́n yà, wọ́n fún wọn níjókòó, wọ́n fún wọn lómi. Arúgbó kan nídìí Ìgá ló wá rántí igi àgbọn.

Ìyá Àjàṣẹ́ ti tú báàgì. Àgbọn méjì ló wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Ọjọ́ tí wọ́n lé mi, mo ṣa ọ̀kan lábẹ́ igi yẹn," wọ́n ń sọ fún Àǹtí Jemilat, bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo gbìn ín sí Àjàṣẹ́. Ọmọ ẹ̀ nìwọ̀nyí. Mo fẹ́ kí Hàwáwù mu nínú ẹ̀, kó mọ̀ pé ọmọ bàbá ẹ̀ ni mo jẹ́."

Ni wọ́n bá gbójú sókè, wọ́n rí mi.

"Háà! Ọmọ mi!" Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Ẹ wò ó, òun nìyí! Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mí lóore ní Èkó nìyí! Ó fún mi lómi, ó bá mi gbẹ́rù. Gbogbo oore tí mo rí lónìí, òun ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Ọ̀nà ló kàn ṣì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ọmọ Màmá ni," Àǹtí Jemilat wí lọ́ra lọ́ra. Wọ́n ń wò mí. "Muqtadir. O rí wọn?"

Bàbá Jóṣúà tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé kì í ṣe ilé níbí lo mú wọn wá láàárọ̀? Mo fẹ́ dá wọn lóhùn, o ní o ti mọ̀. Mo ní, ó dáa, ọmọ ọmọ Hàwáwù ló ń mú àlejò Hàwáwù lọ sílé, kí ni tèmi níbẹ̀?"

Ẹ̀rín wọn láàárọ̀ nìyẹn.

"Ìwọ ni Muqtadir?" Yéwándé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò ga. "Ọ̀rẹ́ mi kan fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi bí a ṣe ń rìn bọ̀, ó ní kí n wá rẹ́rìn-ín. N ò jẹ́ kí ìyá rí i. Mo rò pé a lè débí kí wọ́n má mọ̀ ọ́n láéláé." Ó yọ fóònù jáde.

Ohùn mi bọ́ sáàárín ilé ọ̀fọ̀: "Ó ti so pàápàá, ma! Ẹ ó mu omi àgbọn títí ikùn á fi kún!" Ẹ̀rín Haleem tẹ̀ lé e.

Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn," Ìyá Àjàṣẹ́ wí. "Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ẹ tún un ṣe, n ò gbọ́ dáadáa."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀," Yéwándé bẹ̀ wọ́n.

"Mo ní kóo tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo rí i bó ṣe ń yé wọn díẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wo àgbọn tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wò mí.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?"

"N ò mọ̀, ma. Mo fi Ọlọ́hun búra, n ò mọ orúkọ Màmá."

Wọ́n mirí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Àǹtí Jemilat ni kò gbà á.

"O mọ̀! Ìgbà tóo bi mí pé ta ni Hàwáwù, o ti mọ̀!" Wọ́n ti ń pariwo. "Lémọ́mù béèrè, Muqtadir! Wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀! Ìṣẹ́jú wo ni ìyá yìí fi pẹ́ sí wa? Ojú ẹ ni wọ́n wò!"

Ìgbátí Bàbá Mọ̀núrù bà mí kí n tó rí ọwọ́ wọn. Wọ́n tún gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Àjàṣẹ́ ló dá wọn dúró.

"Má lù ú. Lílù ò lè jí i."

Wọ́n yí sí ẹní tó ṣófo náà, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n gbé ẹnu síbi tí etí Màmá ì bá wà. "Hàwáwù, mo ti yọ̀ǹda ẹ. Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti yọ̀ǹda ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá má wá." Wọ́n dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì. Gbogbo obìnrin ilé bú sẹ́kún.

Mo dojú bolẹ̀ lórí omi tí wọ́n fi wẹ òkú. "Ẹ dárí jì mí, ma. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ibi tí wọ́n gbé e lé láàárọ̀ gan-an.

"Tèmi, mo yọ̀ǹda ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìrìn lásán lo rìn mí. Ẹsẹ̀ á sinmi. Ṣùgbọ́n Hàwáwù lo ṣẹ̀, ọmọ mi. Ìyẹn kì í ṣe tèmi tí n ó fi bá ọ yọ̀ǹda. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹbí ní àwọn fún wọn ní yàrá wọn padà, Ìyá Àjàṣẹ́ ní kí ẹbí má bínú, àwọn kò nílò ẹ̀ mọ́. Yéwándé ló sìn wọ́n lọ wọkọ̀. Wọ́n yà dá agbòòrùn padà fún ẹni tó ni ín.

Haleem ti pa fídíò náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbà á kò lóǹkà. Tí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé tí n ò mọ̀ rí á pariwo, "Ẹ ó mu omi àgbọn!" wọ́n á sì sá. Nínú ilé, wọ́n ń fún mi lóúnjẹ. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mo máa ń lọ sí itẹ́, mo máa ń sọ fún Màmá pé ó ti dé. Ilẹ̀ kì í dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí àlejò bá bi yín lọ́nà, ẹ bi í níbi tó ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àánú ẹ̀ ṣe yín. N ò ní ọgbọ́n mìíràn láti fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan dúró níwájú mi ní ìkóríta, ìwé kékeré kan lọ́wọ́ ẹ̀, báàgì léjìká ẹ̀, òógùn lójú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá mọ́sáláṣí kan." Mo mọ ibẹ̀. Ìsọ̀ mẹ́ta péré sí wa ni. Inú mi dùn, mo la ẹnu.

"Ọ̀gá," Bàbá Jóṣúà ké láti ìdí bàtà wọn, "ẹ má bi ìyẹn. Ẹ máa bọ̀ níbí."

Ọkùnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó fún báàgì ẹ̀ mọ́ àyà, ó sì kọjá lọ bá wọn.